Ìrìn-àjò síbi òjò dídì pẹ̀lú àwọn ọmọ: òkè wo ni kí a lọ?

Ìyá Dámilọ́lá (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Láti ọdún tó kọjá ni èmi àti ọkọ mi ti ń dá àjọ kí a lè mú àwọn ọmọ wa méjì, ẹni ọdún 8 àti ẹni ọdún 13, lọ síbi tí òjò dídì ti ń rọ̀ ní oṣù Kejìlá, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti rí àwọn tó ń fi síkì yọ̀ wálẹ̀ lórí òkè nínú tẹlifíṣọ̀n ni wọn kò ti jẹ́ kí a gbádùn mọ́. Zermatt ní ilẹ̀ Switzerland ni ọkàn ọkọ mi wà, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ pé Oukaïmeden ní Mòrókò súnmọ́ wa jù, ìnáwó rẹ̀ kò sì tó ti Yúróòpù. Òtútù kò bà mí lẹ́rù, nítorí ẹja dídì ni à ń tà ní Ṣàbó, àràárọ̀ ni mo sì ń wọ yàrá yìnyín lọ gbé páálí ẹja. Èwo ni kí a mú?

Bàbá Ẹniọlá (Ẹ̀pẹ́)

Ìyá Dámilọ́lá, ẹ má fi yàrá ẹja wé orí òkè o. Irú afẹ́fẹ́ orí òkè kì í fẹ́ nínú yàrá yìnyín, ara yín gbẹ, ẹ kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó jáde sínú oòrùn. Nígbà tí mo lọ sí Chamonix ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ṣe Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní ọdún 1924, ṣòkòtò jíǹsì ni mo wọ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, òjò dídì yọ́ sí i lára, kí n sì tó dé ilé tí mo dé sí, ó ti le gbagidi bí awọ ìlù. Aṣọ onírun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀ sínú, kí ẹ wá fi ẹ̀wù tí omi kò lè wọ̀ lé e. Ẹ má ra bàtà síkì, yíyá ni wọ́n ń yá a níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ gba olùkọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó rọrùn, tí wọ́n fi àwọ̀ ewé tàbí búlúù sàmì sí, nítorí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ dúdú sàmì sí kì í ṣe eré. Ìwé adójútòfò tí físà Schengen (físà ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù) ń béèrè, tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 owó yúrò, lè má kan síkì rárá. Ẹ rí i pé síkì wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (Ìmọ̀tà)

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sanwó, kí ni jẹ́nótáìpù àwọn ọmọ? Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí ń fúyẹ́ sí i. Oukaïmeden fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 2,600, ọkọ̀ orí okùn Zermatt sì ń gbé ènìyàn dé mítà 3,883. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ débẹ̀ láìrí dókítà. AS pàápàá, tí ara rẹ̀ le koko nílé, irú òkè bẹ́ẹ̀ lè fa ìrora líle fún un ní ìhà òsì ikùn, ìyẹn sì ti gbé àwọn kan dé ilé ìwòsàn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Afriski, ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì ní Lesotho: ó ga ju mítà 3,000 lọ, oṣù Kẹfà sí Kẹjọ sì ni ìgbà òtútù tiwọn.

Dèjì (ọmọ Ìkòròdú, Jámánì)

Ẹ̀yin Màmá, ẹ wo Garmisch-Partenkirchen níbí. Ìlú náà kò ga ju nǹkan bíi mítà 700 lọ, rélùwéè sì ń gbé ènìyàn débẹ̀ láti Munich ní bíi wákàtí kan àtààbọ̀. N kò ní tàn yín: òjò dídì lè má pọ̀ nísàlẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀, ọmọdé lè jókòó lórí pákó kí ó máa yọ̀ wálẹ̀ láìgun òkè ńlá kankan. Owó físà jẹ́ 90 yúrò, ti ẹni ọdún 8 jẹ́ 45. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé.

Ìyá Dámilọ́lá (Ìkòròdú)

Mo dúpẹ́ o. Nọ́ọ̀sì, AS ni àkọ́bí wa, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó kan ọ̀rọ̀ òkè. A ti gbé Zermatt àti Mòrókò jù sílẹ̀. Garmisch ni a ń lọ, lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí ọmọ náà. Ọkọ mi ṣì ń sọ pé òun yóò gun òkè Zugspitze tó wà lẹ́bàá ibẹ̀. Mo ní kí ó máa lọ, èmi àti àwọn ọmọ yóò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú pákó wa.