Álẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé sórí fóònù ọ̀gá nìkan

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí, pé ohun tí òwò gbójú lé ló yẹ kí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ máa ràn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi iṣẹ́ wa n'Íbàdàn.

Ẹja inú áìsì là ń tà, kọ́tẹ̀, ṣáwá, páálí-páálí, fún àwọn ìyá tó ń lọ tún un tà lọ́jà. Ohun tí ọ̀gá wa gbójú lé ni ìyára: ẹni tó bá wá láàárọ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ìsọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àmọ́ ọ́fíìsì àwọn akáǹtì ni gbogbo owó kọ̀ǹpútà ń lọ. Sọ́fítíwíà yẹn mọ ìṣirò oṣù dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó dúró lẹ́nu firísà.

Ni ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ 2023 bá dé. CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti pààrọ̀ bébà owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tuntun ò sí níta. Gbogbo ẹ̀ di tíransífà, fóònù ọ̀gá nìkan sì ni álẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí. Tí ọ̀gá bá wà lọ́nà Èkó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ, kò sẹ́ni tó lè já ọjà sílẹ̀. Mo rí ìyá kan tó jókòó ti páálí tó ti sanwó fún, tí omi ẹja ń ṣàn lọ sábẹ́ bàtà ẹ̀. Kò padà wá mọ́ títí di òní, ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa sí ìpàdé òwò. Ó ní, “Ibo gan-an ni oníbàárà ti ń dúró?” Ni wọ́n bá ya nọ́ńbà àkáǹtì sọ́tọ̀ fún káńtà kọ̀ọ̀kan, owó sì ń hàn lójú ẹ̀rọ POS níwájú ẹni tó ń tajà. Owó tó ná wa ò tó nǹkan. Kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé ká máa ná owó àtijọ́ lọ, àwọn oníbàárà ẹlòmíì ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa.

Ẹlòmíì fèsì: Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, omi inú ìgò la ń ṣe, àwọn alágbàtà ló sì ń bá wa tà á. Ilé iṣẹ́ wa wá ṣe áàpù kí aráàlú lè máa rà tààrà. Áàpù yẹn dáa, kò kọṣẹ́ rí! Àwọn alágbàtà rí iye tí a ń tà á níbẹ̀, inú bí wọn, wọ́n kó lọ sílé iṣẹ́ míì. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ wa sọ áàpù ọ̀hún di ti àwọn alágbàtà, kí wọ́n máa fi béèrè ọjà lóru kí mọ́tò lè tètè gbéra, lọjà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ìwòsàn àti iléèwé ńkọ́? Ta ló ń jókòó ti àwọn oníkọ̀ǹpútà yín kí wọ́n tó ra nǹkan?