Èsì: "Àkókò èlé" kọ́, àfikún àkókò ni

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston kọ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní ariwo ti pọ̀ pé kí wọ́n fagi lé 30 ìṣẹ́jú tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn 90 nínú bọ́ọ̀lù, kó jẹ́ pé tí ọ̀mì bá ti wà, pẹnárítì ló kàn. Wọ́n ní kó tó di pé wọ́n fagi lé e, ẹ jẹ́ ká fún un lórúkọ tó gbámúṣé. Orúkọ tí wọ́n mú wá ni "àkókò èlé". Góòlù tó máa ń parí eré lójú ẹsẹ̀ láyé ìgbà kan, wọ́n pè é ní "góòlù wúrà".

Èlé kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ta ló jẹ gbèsè? Ẹni tó bá yáwó ló ń san èlé lórí ojú owó. Bí fèrè bá dún tí ẹgbẹ́ méjèèjì sì ta ọ̀mì, kò sí èyí tó jẹ èkejì ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń wá gbèsè nínú bọ́ọ̀lù, ibòmíràn ló wà. Ní Qatar lọ́dún 2022, nígbà tí England àti Iran pàdé, Beiranvand tó ń ṣọ́lé fún Iran forí gbárí pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí lórí pápá. Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ máa parí, ìṣẹ́jú 14 ni wọ́n kọ sójú pátákó. Ìṣẹ́jú tó ti lọ ni wọ́n ń dá padà yẹn. Ìṣẹ́jú àsanpadà ni kí ẹ pe ìyẹn, kí ẹ fi àfikún sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú tó ni ín.

Torí "kún" tó wà nínú àfikún gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. "Lé" inú èlé ń sọ pé nǹkan ti pé, òmíràn wá gorí ẹ̀. Bí a bá ní mọ́kànlélógún, ogún ti pé pérépéré kí ení tó dé. "Kún" ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi omi kún ìkòkò mọ̀ pé ìkòkò ò tíì kún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ já kúrò níbẹ̀ kò tíì kún bí ọ̀mì bá ṣì wà ní 90 ìṣẹ́jú. Àwọn tó fẹ́ fagi lé 30 ìṣẹ́jú yẹn, ojú "lé" ni wọ́n fi ń wò ó: eré ti parí, èyí tó kù jẹ́ àsọdùn. Ẹ̀gbọ́n sọ pé àwọn ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àmọ́ orúkọ tí ẹ mú wá ti dá ẹjọ́ náà tán.

Mo gbà pé ó ń rẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní Russia lọ́dún 2018, Croatia gbá àfikún àkókò pẹ̀lú Denmark, pẹ̀lú Russia, pẹ̀lú England. Ẹ ṣírò rẹ̀: odindi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ni wọ́n gbá ju France lọ kí wọ́n tó pàdé ní àṣekágbá, France sì nà wọ́n 4-2. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kó rọrùn fún wọn, kó dín iye ìdíje kù lọ́dún. Òfin ti fàyè gba pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹnìkan sí i nínú àfikún àkókò. Kí wọ́n sọ ọ́ di méjì. Ife ẹ̀yẹ Carabao nílẹ̀ England ti ń ti 90 bọ́ sí pẹnárítì nínú ọ̀pọ̀ ìpele láti sáà 2018 sí 2019, ṣùgbọ́n wọ́n fi àfikún àkókò sílẹ̀ fún àṣekágbá. Tó bá jẹ́ pé kò wúlò lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù?

Ẹni tó bá wà ní Sùúrùlérè ní February 13, 2000, nígbà tí àwa àti Cameroon pàdé ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, mọ ohun tí pẹnárítì lè ṣe. Pẹnárítì Ikpeba tiwa lu irin òkè, ó já wálẹ̀, rẹfirí ní kò wọlé, Cameroon gba ife lọ.

Ó wá ku "góòlù wúrà". Òfin yẹn ti kú láti 2004, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún un, torí náà ó yẹ kó lórúkọ. Níbo ni wúrà wà nínú ẹ̀? Ní Olympics 1996, Brazil ti ń nà wá 3-1. Ikpeba dá ọ̀kan padà ní ìṣẹ́jú 78, Kanu mú ìkẹta wá ní 90. Ní ìṣẹ́jú 94 Kanu tún gbá a sáwọ̀n, eré parí, kò sí pé Brazil ń gbé bọ́ọ̀lù sáàárín mọ́. Ó gbá a, ó pa á: góòlù àgbápa. À-gbá-pa. Ọmọdé gbọ́, ó yé e. Wúrà ò yé ẹnikẹ́ni, débi tí wọ́n á tún wá bá wa túmọ̀ ti fàdákà, ìyẹn góòlù tó ń jẹ́ kí eré parí bí 15 ìṣẹ́jú bá pé tí ẹgbẹ́ kan sì ń léwájú, èyí tí Dellas ti Greece fi lé Czech lọ ní Portugal ní 2004, tí 15 ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ parí, tí eré sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni fàdákà sọ nípa 15 ìṣẹ́jú?

Mi ò fẹ́ kí àgbápa padà wá ṣá. Senegal fi lé Sweden lọ ní 2002, kí ọ̀sẹ̀ tó pé Turkey fi òun náà lé wọn lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n gbá wọlé fún rí àyè dá a padà.

Ẹnìkan fèsì pé olùkọ́ Yorùbá ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ rédíò bàbá mi ni mo dàgbà sí n'Íbàdàn, láyé tí IICC Shooting Stars gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìgbà náà ò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lórí àga. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ ni Yorùbá ń jáde lẹ́nu wọn, ìyá tó ń ta iṣu gan-an á mọ ibi tí eré dé.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ṣì kù. Ibi márùn-ún lẹ ti kọ "àmì ayọ̀" fún góòlù. Ayò ni, ayò ọlọ́pọ́n, èyí tí ọ̀ta àti òpè ń ta. Àǹtí wa ní Kétu ní ayọ̀ náà tọ̀nà, torí inú máa ń dùn bí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Inú ta ni? Ti aṣọ́lé? Mi ò gbà o. Ẹni tó bá ní ìwé àtijọ́ tó kọ ọ́ ní ayọ̀, kó gbé e jáde.