Mo fẹ́ lọ ya ẹranko igbó ní Yellowstone: ṣé lẹ́ńsì 70-200 á tó?

Fótò Tákìé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tákìé. Ìgbéyàwó, ìkómọ àti òkú àgbà ni mo fi ń jẹun. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Denver ní kí n wá kí òun nínú oṣù kẹsàn-án, a ó sì wa mọ́tò lọ sí Yellowstone, ọgbà ẹranko igbó ńlá Amẹ́ríkà. Màlúù tí wọ́n fẹ́ pa níbi òkú àti ewúrẹ́ àdúgbò nìkan ni ẹranko tí mo yà rí.

Nikon D7500 ni kámẹ́rà mi, lẹ́ńsì tó gùn jù lọ́wọ́ mi ni 70-200 mílímítà. Ṣé ó tó? Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn bison (ẹfọ̀n Amẹ́ríkà) tí mò ń rí nínú fídíò máa ń dúró jẹ́ẹ́. Ṣé mo lè sún mọ́ wọn bí mo ṣe ń sún mọ́ ìyàwó lórí àga? Drone tí mo fi ń ya òde ńkọ́, ṣé kí n gbé e dání?

Àǹtí Bozeman:
Àbúrò mi, o kú ìmúra. Àkẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé Montana. Láti ilé mi dé ẹnu ọ̀nà àríwá Yellowstone ò ju bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ.

Fi drone sílé. Láti 2014 ni wọ́n ti fòfin dè é ní àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ìyàwó lórí àga kẹ̀! Akọ bison lè wọ̀n tó kílò 900, ó sì lè sáré tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Ìwọ ńkọ́? Òun ló ń ṣe àlejò léṣe jù nínú ọgbà yẹn, kì í ṣe béárì. Yáàdì 25 ni kó o fi jìnnà sí bison àti elk (irú àgbọ̀nrín ńlá kan), ó kéré tán. Béárì àti ìkookò, yáàdì 100. Bí bison bá gbé ìrù nàró, má dúró ṣètò kámẹ́rà, yáa máa fẹ̀yìn rìn. Oṣù kẹsàn-án tó o ń bọ̀ yìí ni àwọn akọ elk ń jà lórí abo, wọ́n sì máa ń rìn wọ àárín ilé ní Mammoth, àdúgbò kan nínú ọgbà náà. Mo ti rí èyí tó ń kan mọ́tò.

Ní ti lẹ́ńsì: 200 lórí kámẹ́rà rẹ á sún nǹkan mọ́ ọ bíi lẹ́ńsì 300, torí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré. Ó tó fún bison àti elk tó wà nítòsí ọ̀nà. Àwọn ìkookò àfonífojì Lamar nínú ọgbà náà ni kò ní tó fún, torí wọ́n lè jìnnà ju máìlì kan lọ, kódà 600 á kàn sọ wọ́n di èèrà ni. Wọ́n ń fi 150-600 háyà níbí, má ra tuntun. Ṣùgbọ́n kí n sọ tèmi: mi ò fẹ́ràn fótò tí orí ẹranko kún bámúbámú. Ọgbà ẹranko lásán ló máa ń jọ. Jẹ́ kí n rí koríko tó ti pọ́n, ooru omi gbígbóná inú ilẹ̀ tó ń ru láàárọ̀ kùtùkùtù, kí bison wá kéré sí apá kan. Lẹ́ńsì rẹ yẹn ló dáa jù fún irú èyí.

Ọmọ Ọdẹ Orííre:
Bọ̀dá, bàbá mi ò mọ kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹran. Ẹ máa da eérú díẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, ẹ má jẹ́ kó gbé òórùn yín lọ bá ẹran. Ẹ má fín lọ́fínńdà. Ẹ rọra rìn, ẹ má fọhùn. Ẹ lè fẹnu han bí ọmọ ẹran kí ìyá ẹ̀ jáde. Lóru, iná orí ni: ojú wọn á máa tàn.

Àǹtí Bozeman:
Ọmọ ọdẹ, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n máa mú Fótò Tákìé o! Òfin ọgbà kò gbà kéèyàn fẹnu pe ẹran tàbí kó fi iná wá a lóru. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọdẹ náà léwu níbi tí béárì wà, nítorí èyí tí a bá bá lójijì ló máa ń bínú. Ẹ rìn ní mẹ́ta ó kéré tán, ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ ra ata fífọ́n tí wọ́n ṣe fún béárì níbí, kò ṣeé gbé wọ bàálù.

Fótò Tákìé:
Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Nítorí náà ariwo ni kí n máa pa kí n tún máa wá ẹranko! Ó dáa, kò burú. Ẹran dúdú nínú ooru funfun yẹn ló ń kọ mí lóminú báyìí.

Ìsokùn Boy:
Ẹ fi lékelèke tó ń tẹ̀ lé màlúù kọ́ yíya ẹranko kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ lọ́nà Ìkòyí. Tó bá ń fò, ẹ fi ìyára ṣọ́tà sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán. Bí nǹkan funfun bá kún fótò, kámẹ́rà á fẹ́ sọ ọ́ di eérú, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀. Bí dúdú bá kún un, ẹ dín in kù. Tẹ́ ẹ bá lówó mọ́tò, ẹ wá sí Ọ́fíìsì Ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé níbí l'Ọ́yọ̀ọ́ kẹ́ ẹ béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa wọlé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjímèrè àti àgbọ̀nrín wà níbẹ̀.

Àǹtí Bozeman:
Ìsokùn Boy sọ òótọ́. Kí o kó bátìrì tó kù sí àpò inú, òtútù ìdájí ibí ń jẹ ẹ́. Kí o tó wọ mọ́tò tó gbóná, ti kámẹ́rà mọ́nú báàgì kí omi má baà bò ó. Sọ fún àbúrò rẹ kó tètè gba yàrá ní Gardiner, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà àríwá ọgbà, torí tinú ọgbà máa ń kún. Tẹ́ ẹ bá jáde ní aago márùn-ún, ẹ ó dé Lamar kí oòrùn tó yọ.