Owó ti kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà, kò dé ọ̀dọ̀ mi: ta ló ràn yín lọ́wọ́?

Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà ní oṣù kejì ọdún 2023 ò lè gbàgbé. CBN ti ní ká kó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ wá sí báńkì, a ò sì rí tuntun gbà. Tíránsífà nìkan ló kù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e.

Obìnrin kan wá láti Ìbàdàn, ó ra aṣọ ẹbí ₦86,000. Ó san án lójú mi, wọ́n yọ owó lọ́dọ̀ rẹ̀, alẹ́ẹ̀tì tèmi ò wọlé. A jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó rò pé mo fẹ́ jẹ owó òun ni, ẹ̀rù ayédèrú rìsíìtì sì ń ba èmi náà. Ọ̀túnla ni ìnáwó rẹ̀.

Ìyá oní-POS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló dìde. "Ìyá Bọ́dé, ẹ ní kí wọ́n ka session ID rẹ̀ síta." Nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì tíránsífà ni, ẹyọ 30 ni gbogbo rẹ̀. Ó ní mẹ́fà àkọ́kọ́ ni báńkì tó fowó ránṣẹ́. 12 tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́ àti aago tí owó jáde. A kà á, ó bá ìgbà tó sanwó mu rẹ́gí. Mo di aṣọ fún un, ó ń sunkún.

Ní báńkì, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà náà. "Mummy, owó yín ti wà lọ́dọ̀ wa, kò tíì bọ́ sínú àkáǹtì yín ni." Ọjọ́ kẹrin ló wọlé. Mo ṣì ń ṣàdúrà fún ọmọ yẹn. Ìyá oní-POS ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ àwọn tí gbogbo ọjà ń pè ní olè nígbà yẹn nìyẹn.

Oní-POS, Òṣogbo

Ẹ ṣé, mà. Iléepo ni mo ti ń ra owó nígbà náà. Kí n tó rí ₦100,000, wọ́n á gba ₦10,000 lé e, kí ó tó wá kan oníbàárà. Èébú tí mo jẹ kì í ṣe kékeré, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ní kí owó àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Mi ò mọ ti session ID yìí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ni mo dá padà lọ sílé pẹ̀lú ẹkún.