Ẹ gbà mí o: ojú ìlà táìlì balùwẹ̀ mi ti pọ́n, kò mọ́ mọ́

Ìyá Ṣadé: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Balùwẹ̀ mi ti fẹ́ sọ mí di ọ̀bùn lójú ayé. Funfun báláú ni táìlì yẹn nígbà tí a kó wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ìlà àárín rẹ̀ ti pọ́n. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ilé kì í fọ nǹkan dénú, mo bá a wí títí ó sú mi. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wọ ibẹ̀, ó jáde, ó ní, "Ẹ kú ìgbìyànjú." Ẹ wo ìwọ̀sí! Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́?

Bọ̀dá Wálé: Bílíìṣì. Ife kan sínú ife omi mẹ́wàá. Fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, gbo ó, ṣàn án.

Àǹtí Bọ́lá: Bílíìṣì náà ni èmi fẹ́ sọ. Ẹ ṣí fèrèsé o.

Ọ̀gá Táìlà: Ẹ dúró ná. Èyí tó bá dúdú ní kọ̀rọ̀, ọ̀rinrin ló mú un bu, bílíìṣì á mú un kúrò. Èyí tó pọ́n, ó jọ irin inú omi, bílíìṣì kì í sì í yọ irin, ńṣe ló ń mú un dógùn-ún sí i. Màmá Ṣadé, omi wo lẹ ń lò?

Ìyá Ṣadé: Borehole ni, ó sì mọ́ kedere bó ṣe ń jáde. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni kẹ́ ẹ bá mi dá sí.

Ọ̀gá Táìlà: Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Irin tó yòrò sínú omi kì í hàn, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń pọ́n. Ẹ bu omi sínú ike funfun, ẹ má dé e, ẹ wò ó láàárọ̀ bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀. Citric acid tí àwọn tó ń po zobo ń rà lẹ máa lò: ṣíbí ìjẹun kan sínú ìdajì lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin ojú ìlà kó má bàa fà á mu jù. Ìṣẹ́jú 5 péré, ẹ gbo ó, ẹ ṣàn án, ẹ wá fi omi baking soda ṣàn án tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ mábù ni, ẹ má dán an wò, á bà á jẹ́.

Bọ̀dá Wálé: Gbogbo wàhálà yìí! Ásíìdì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí Bọ́lá: Wálé, o fẹ́ pààyàn ni? Ìwọ náà lo ní kí wọ́n da bílíìṣì. Bí ásíìdì bá bá bílíìṣì pàdé, gáàsì chlorine ló ń yọ. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́.

Bọ̀dá Wálé: Mi ò ní kí wọ́n pò ó pọ̀.

Àǹtí Bọ́lá: Èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ṣadé: Ẹ má jà. Ásíìdì yẹn la ti ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń hó dáadáa, ìdọ̀tí ló ń jáde. Àwọn ojú ìlà kan kàn ti jìn ni, torí táìlà tó ṣe é kò kì í dénú.

Ọ̀gá Táìlà: Háà! Sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló ń hó yẹn, ásíìdì ń jẹ ẹ́. Ihò wẹ́wẹ́ tó dá sílẹ̀ ni irin ń sá sí. Èyí tó ti jìn kúrò ní fífọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n hú u, ó kéré tán mílímítà 3, kí díìsì tí wọ́n fi ń gé e má kan etí táìlì. Kí wọ́n gbá eruku rẹ̀, kí wọ́n rin ín díẹ̀. Grout gidi, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń dí ojú ìlà táìlì, ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe sìmẹ́ńtì funfun lásán. Ẹ pò ó kó ki bí ọṣẹ ìfọyín, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ tún un rò láìfi omi kún un. Omi tó bá pọ̀ jù ló ń jẹ́ kó máa yọ lẹ́búlẹ́bú. Ẹ fi rọ́bà tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìdábùú. Tó bá ti ń le, ẹ fi fóòmù tí ẹ fún gbẹ nu ojú táìlì.

Ìyá Ṣadé: Ṣé a lè wẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà?

Ọ̀gá Táìlà: Rárá o, ó di ọjọ́ kẹta. Kọ̀rọ̀ tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, silicone, gọ́ọ̀mù tó ń rọ̀ bíi rọ́bà, ni kí wọ́n fi dí i, grout á sán níbẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá: Bí omi bá ń pọ́n, ẹ ní kí onílé fi àsẹ́ tó ń yọ irin kúrò nínú omi sí ẹnu táǹkì. Kó tó ṣe é, ẹ máa nu táìlì gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀.