Èròkérò kọ́ ni òmìnira tí à ń wí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò lórí bí a ó ṣe máa pe òmìnira àti ègbè ní yunifásítì lédè Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́ dábàá pé ká máa pe ẹ̀tọ́ tí olùkọ́ yunifásítì ní láti ṣèwádìí kó sì kọ́ni láìsí ìdíwọ́ ní "òmìnira èròkérò". Wọ́n ní èrò yòówù ló túmọ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò fara mọ́ ọn rárá. Ta ló gbọ́ ìwàkíwà tó rò pé ìwà yòówù ni? Ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ńkọ́? Ìsọkúsọ? Ọmọkọ́mọ? Wọ́n fi ẹnikẹ́ni àti ohunkóhun gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni àti ohun kò ní rere tàbí búburú kan tí -kí- tí a ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ tí a pè lẹ́ẹ̀mejì lè bà jẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n èrò ní méjèèjì. Bí ẹ bá kọ èyí sínú ìwé ẹ̀ka ìmọ̀ Ìtàn kan l'Ádó, pàṣán lẹ fi lé olóṣèlú lọ́wọ́ yẹn.

Òmìnira náà pàápàá kò gba èròkérò. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1940 fún olùkọ́ láyè láti jíròrò iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì kìlọ̀ fún un kó má fa àríyànjiyàn tí kò bá iṣẹ́ náà tan wọlé. "Òmìnira onímọ̀" lèmi ń wí. Àwọn kan ní "òmìnira ìmọ̀" ti tó. Kò tó! Nígbà tí Yunifásítì Ìlọrin lé olùkọ́ 49 lọ ní 2001 nítorí ìyanṣẹ́lódì, onímọ̀ niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá wọn láre ní 2009. Ẹ má yọ oní- kúrò.

Ojúsàájú tí ẹ ń lò fún ègbè òṣèlú, ìyẹn kí olùkọ́ máa gbè sẹ́yìn apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò bá a mu. Ènìyàn là ń ṣojúsàájú fún: ẹni tí a fún ní máàkì, ẹni tí a gbà síṣẹ́. Ègbè máa ń sá pamọ́ sínú ìbéèrè ìdánwò. "Ṣàlàyé bí Ìbàdàn ṣe fìyà jẹ Èkìtì kí Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877": ìbéèrè yìí ti dájọ́ tán kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé bírò. "Kí ló fa Kírìjì? Lo ẹ̀rí méjì tó takora": èyí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ wo ìwé tí a fi ń pín máàkì pẹ̀lú. Bí gbogbo máàkì bá wà lórí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ parí èrò sí, tí kò sí ọ̀kan fún bó ṣe lo ẹ̀rí, ègbè ti wọlé. Bí wọn kò bá sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò tó ti yunifásítì mìíràn wá, kò sí ẹni tí yóò rí ègbè náà mú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí ìbéèrè bá dá lórí ìjà òṣèlú Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ní 1962.

Ẹni tó kọ "ìṣègbé òṣèlú" lánàá, ẹ padà wo àmì ohùn yẹn. Ẹni tó ṣègbé ti parun. Ẹni tó ṣègbè ló gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Àwọn tíṣà àtijọ́ kì bá tí fojú fo irú rẹ̀. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é l'Ékìtì. Ìlú wo nínú Èkìtì? Ẹ dárúkọ rẹ̀.