Ìtì igi tá a fi ń gbẹ́ ẹyẹ idì ti là láyà o, ẹ gbà wá!

Onígi_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Àwa mọ́kànlá la kóra wa jọ, kò sẹ́ni tó ń gbowó, a ní ká fi igi ńlá kan tí ìjì wó gbẹ́ ẹyẹ idì, kó na ìyẹ́ méjèèjì, kí àsíá orílẹ̀-èdè wa máa wọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ bí aṣọ, ká wá gbé e sí ìta gbangba níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ òmìnira. Ẹni méjì péré ló gbẹ́gi rí nínú wa, àwa tó kù, sáńpépà la mọ̀ ọ́n fà.

Ìtì yẹn ga tó mítà 3, apá mi ò ká a. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn la gé e, tútù ṣì ni. Orí ti yọ, ọrùn ti yọ, àgógó ẹnu ẹ̀ ti rí ṣóńṣó bó ṣe yẹ, inú wa ń dùn, àfi bá a ṣe débẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè tá a rí i pé ó ti là láti abẹ́ àgógó wá dé àyà, ìka mi méjì wọ inú ẹ̀! Ẹnì kan ní ká po gúlù mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi ká fi dí i, ẹlòmíì ní ká yáa fi fáníṣì bo gbogbo ẹ̀, wọ́n tún ní ká ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ kọnkéré kó má lọ wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Èwo ni ká ṣe?

Bàbá_Àáké:
Ẹ fọkàn balẹ̀, igi ò kú. Igi tútù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ là níbì kan, ibi tó máa là sí lèèyàn ń bá a dúnàá-dúrà. Tígi bá ń gbẹ ó máa ń sún kì, bó sì ṣe ń sún kì yí ara ẹ̀ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti èèpo lọ sí ọkàn, ara ẹ̀ wá di ṣẹ́ẹ̀tì tí kò gba ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́, ibi tí kò lágbára ló máa fàya. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dúró kó gbẹ o. Pákó tó nípọn tó ínǹṣì kan, ọdún kan ni wọ́n máa ń kà sí i, ti ìtì tápá ò ká, ẹ̀yin ẹ ṣírò ẹ̀.

Ohun tá à ń ṣe ni pé ká dojú ẹ̀ bolẹ̀, ká gbé chainsaw, ká la ẹ̀yìn ẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ìdí, kó wọlé títí kan ọkàn igi. Ibẹ̀ ló máa gbà là, á fi iwájú sílẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ère Búdà ní Japan láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n ń gbẹ́ inú ẹ̀ jáde kó ṣófo nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Tiyín tiẹ̀ rọrùn, ẹ̀yìn ni àsíá wà, ìṣẹ́po aṣọ ló máa bo ojú ayùn, ta ló máa mọ̀?

Ẹ má fi gúlù àti lẹ́búlẹ́bú dí i. Tójò bá dé igi á tún wú, nǹkan líle tẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́ á wá máa fipá là á sí i. Tó bá gbẹ tán tó burú lójú, ẹ gé igi kan náà tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi gúlù sí. Kẹ́ ẹ sì kun orí àti ìdí ìtì yẹn lọ́dà lónìí lónìí, ibẹ̀ lomi ń gbà sá jáde jù.

Kò_Sí_Kọnkéré:
Èmi ti kọnkéré nìkan ni màá sọ. Ẹ MÁ ṢE É. A gbẹ́ sójà kan níjọ́sí, a ri ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ kọnkéré torí a rò pé bó ṣe máa lágbára nìyẹn, lọ́dún kẹrin mo kàn fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí, ìka mi rì wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ kànìnkànìn, òórùn olú ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ojú, fìlà, ìbọn, gbogbo ẹ̀ ṣì le koko lókè. Olú tó ń jẹgi ò lè rí nǹkan ṣe tómi inú igi ò bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ, kọnkéré wá ń pọn omi fún un lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ mọ kọnkéré lọ́tọ̀, kí orí ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ kómi lè ṣàn lọ, ẹ ri irin tí kì í dípáta sáàárín ẹ̀, ẹ lu ihò sábẹ́ igi kẹ́ ẹ gbé e kọ́ irin yẹn, kí àlàfo tí ìka lè wọ̀ wà láàárín.

Irú igi wo tiẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ ìrókò ẹ dúpẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òkúta máa ń wà nínú ẹ̀ nígbà míì. Tó bá jẹ́ arère, ó rọrùn ún gbẹ́ bí ọṣẹ, àmọ́ ìta ò bá a lára mu. Èyí tó wù kó jẹ́, ibi funfun abẹ́ èèpo yẹn, ẹ bó o dànù, kò sígi tí tiẹ̀ kì í jẹrà.

Ṣadé_Síṣẹ́ẹ̀lì:
Kò tíì sẹ́ni tó béèrè ìyẹ́. Tí ìyẹ́ bá na sọ́tùn-ún sósì látinú ìtì tó dúró, iṣan igi á dábùú ẹ̀ ni, kí ọmọdé kan rọ̀ mọ́ ọn báyìí, ó ti kán. Ẹ jẹ́ kó ká ìyẹ́ sókè bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà, àbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ìyẹ́ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ fi èèkàn igi kàn án mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń gbẹ́ òpó totem, ìyẹn òpó gàgàrà tí wọ́n gbẹ́ ẹranko àti ẹyẹ sí lára, ní etíkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn náà máa ń so ìyẹ́ àti àgógó gígùn mọ́ ọn látìta ni.

Fáníṣì á dán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú ẹ̀, gbogbo èèyàn á ya fọ́tò, tó bá pẹ́ díẹ̀ á máa bó bí awọ ejò, omi á há sábẹ́ ẹ̀. Epo ni kẹ́ ẹ fi pa á, èyí tó ní àwọ̀ díẹ̀ nínú nítorí oòrùn, lọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ epo linseed, ẹ má ká àkísà tẹ́ ẹ fi pa á jọ sí kọ̀rọ̀ o, ó máa ń gbiná fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ.

Ẹnu_Ò_Mẹ́nu:
Lọ́dọọdún ke? Ẹ tètè kọ orúkọ ẹni tó máa máa pa á sílẹ̀ báyìí tí inú gbogbo yín ṣì ń dùn.

Onígi_Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìrókò ni o! A la ẹ̀yìn ẹ̀ ní Sátidé, kò pẹ́ tí ayùn bá òkúta pàdé, iná ṣẹ́ yẹ́ẹ́, eyín mélòó kan bẹ́, a lọ pààrọ̀ ẹ̀ ká tó parí ẹ̀. Títí di Túsìdé ojú ayùn ti ṣí tó ìka kan, ti àyà ò sì sún síwájú mọ́. Ìyẹ́ ló wá di ìjà báyìí, àwọn méjì fàáké kọ́rí, wọ́n ní ẹyẹ idì tó káwọ́ bí adìẹ tójò pa ò lè dúró fún orílẹ̀-èdè kankan. Lọ́la la máa dìbò.

Bàbá_Àáké:
Ẹ ní kí wọ́n lọ wo àwòrán idì tó fẹ́ gbé ẹja, kí wọ́n wò ó bóyá ó jọ adìẹ. Ìdí ìtì yẹn ńkọ́, ẹ ti kùn ún?

Onígi_Tuntun:
Yéè. Mo ń lọ ra ọ̀dà báyìí sà.